Aṣọ Ta Ló Kún Ilé Àbíkẹ́ Alágbàtà?

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó dàgbà sí Ìdáàṣà bóyá ó mọ Àbíkẹ́ alágbàtà. Yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, yóò wá ní òun kàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni. Irọ́ ló ń pa. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìyá rẹ̀ ti gbé igbá lọ síbẹ̀ rí.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Ṣàkírù lorúkọ mi, aránṣọ ni mí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ẹ̀rọ mi fi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àbíkẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ síbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, níbi tí òjìji òkè olókùúta ti máa ń bo òrùlé wa tí oòrùn bá ti yẹ̀ díẹ̀. Kò gba owó ilé lọ́wọ́ mi rí. Sùúrù ló ń fẹ́ kí n ní, Ọlọ́run ò sì fún mi ní púpọ̀ nínú ìyẹn. Onínúfùfù ni mí, gbogbo ọjà ló mọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tí mo ń pariwo nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà ṣì máa ń mú ara mi gbóná títí dòní.

Bàbá Àbíkẹ́ wá láti Ṣakí, ó ń ta iyọ̀ àti awọ. Ìdáàṣà ni wọ́n bí Àbíkẹ́ sí, ó sì gbọ́ èdè wọn débi pé àwọn àgbẹ̀ orí òkè gbàgbé pé Mùsùlùmí àjèjì ni bàbá rẹ̀. Àyìndé awakọ̀ akẹ́rù ló fẹ́. Àyìndé kú sójú ọ̀nà Pàwìyán nígbà tí Àbíkẹ́ ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí owó tán nílé, ó gbé aṣọ tí wọ́n fi gbé e níyàwó, ó di ọjà. Kò tíì tú u tán tí obìnrin kan fi figbe ta láti ìsọ̀ kejì pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo ìyàwó Àyìndé o, ó ti ń ta aṣọ ìdí ẹ̀!" Gbogbo ọjà yíjú sí i. Àbíkẹ́ ká aṣọ rẹ̀, ó gbé e pa dà sílé, gààrí gbígbẹ ni òun àtọmọ sì jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó sọ fún mi pé ebi yẹn ò dun òun tó ohùn obìnrin náà.

Ibẹ̀ lòwò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí nǹkan bá ṣú fún, tó fẹ́ ta aṣọ tàbí abọ́ tàbí rédíò, kò ní í gbé e lọ sọ́jà kí wọ́n lè fi í ṣẹ̀sín. Yóò kó o sínú igbá, yóò da èlùbọ́ bò ó, yóò wá bí ẹni tó wá kí Àbíkẹ́. Wọ́n á kíra, wọ́n á bèèrè ara ọmọ, wọ́n á bèèrè oko. Kò sẹ́ni tí yóò dárúkọ ohun tó wà lábẹ́ èlùbọ́. Tí àlejò bá lọ tán, Àbíkẹ́ á gbé aṣọ náà fún mi, èmi á tún etí rẹ̀ ṣe, màá sì ran òwú kékeré kan sí i nínú, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, kí owó má baà ṣìnà. Tí ó bá tà á, ó mú fáráǹkì mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó fi ìyókù sábẹ́ èlùbọ́ kan náà, ó dá igbá pa dà.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yẹn. Bí oníbàárà bá bèèrè pé ta ló ni aṣọ yìí, Àbíkẹ́ á ní, "Èmi ni mo ni ín." Bí ìmáàmù bá bèèrè, èmi ni mo ni ín. Bí àwọn ọlọ́pàá bá bèèrè, èmi náà ni. Ó ti sọ ọ́ títí tí kò fi jọ irọ́ mọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ìjọba àyípadà ti pẹ́ lórí oyè, ariwo "Ehuzu! Dandan!" tí wọ́n fi ń kíra, ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, dandan ni, ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ àwọn tó ń pariwo rẹ̀. Owó oṣù ò wọlé fún oṣù mélòó kan. Àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akọ̀wé, gbogbo àwọn tó ń wọ bàtà dán, ló bá ń gbé igbá èlùbọ́ kiri. Ẹ̀rín ń pa mí. Mo bi Àbíkẹ́ pé ìgbà wo ni ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé di ẹni tó ń lọ èlùbọ́. Ó ní kí n máa rán aṣọ mi.

Oṣù kẹjọ ọdún tún ti ń sún mọ́lé, ìgbà tí àwọn Kátólíìkì máa ń ti ibi gbogbo wá sí ihò àpáta Àrígbò láti gbàdúrà sí Màríà. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á ra aṣọ, wọ́n á ra abọ́. Gbogbo ẹni tó ní ohun títà ló fẹ́ kó wà nílé Àbíkẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ilé kún débi pé ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń wọlé.

Ìgbà yẹn gan-an ni Évariste òṣìṣẹ́ owó-orí dé.

Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n gbé e wá sí Ìdáàṣà. Ó fi báàgì sábẹ́ abíyá, ó ní "Ehuzu!" Mo ní "Dandan!" láìgbójú kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá wo ọjà yín nítorí pàtáǹtì." Pàtáǹtì ni owó-orí tí oníṣòwò ń san lọ́dọọdún.

"Ẹ wọlé, ọ̀gá. Ẹ mu omi ná."

Ó mu omi, ó wọlé, mo sì gbọ́ tó ní, "Háà!" Ó kà á, ó tún un kà: aṣọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, abọ́ tánganran méjìlá, rédíò mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ ológeere kan.

"Màmá, ta ló ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí?"

"Èmi ni mo ni ín."

"Rédíò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mo fẹ́ràn ìròyìn."

"Kẹ̀kẹ́ yìí ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ ọkùnrin nìyí."

"Èmi náà ni mo ni ín. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún."

Obìnrin tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún! Mo fi ẹnu há aṣọ kí n má baà bú sẹ́rìn-ín.

Évariste jókòó lórí àpótí, ó ṣírò, ó ṣírò. Kò halẹ̀ mọ́ wa rárá, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó ní bí gbogbo èyí bá jẹ́ ti Àbíkẹ́ lóòótọ́, oníṣòwò ńlá ni, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì fáráǹkì ni yóò san. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ ń bá àwọn èèyàn tà á ni, Màmá, ìyẹn yàtọ̀. Èyí tó bá kù sọ́wọ́ yín nínú rẹ̀ nìkan la ó kà sí tiyín. A ó sì tún yọ owó ìsọ̀ kúrò nínú ìyẹn, àti owó ọṣẹ, àti owó òwú, àti owó tí ẹ ń san fún télọ̀ yìí."

Ó nawọ́ sí mi. Èmi Ṣàkírù! Láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mo wúlò nínú ọ̀rọ̀ owó-orí. Mo gbéra ga díẹ̀.

"Kí àwọn tó ni ọjà sáà wá," ni Évariste wí, "kí wọ́n ní tàwọn ni, kí wọ́n buwọ́ lùwé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Àbíkẹ́ gbọ́ ọ délẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Èmi ni mo ni gbogbo rẹ̀."

Mo ti la ẹnu. Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì pa á dé.

Évariste mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́jọ ni òfin fún yín, Màmá. Tí owó ò bá wá, màá ní láti wá fi èdìdì ti ilé yìí. Wọ́n á sì lu ohun tó wà níbẹ̀ ní gbàǹjo." Ó kí wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọjọ́ kẹjọ náà gan-an ni bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ yóò kó àwọn aláàdúrà dé! Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yẹn, aṣọ mọ́kànlélọ́gọ́ta àwọn ẹni ẹlẹ́ni ló lọ yẹn, owó irúgbìn ló lọ, owó oògùn ọmọ ló lọ. Àbíkẹ́ yóò wá kú sórí gbèsè tí kò jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ṣé orí yín pé báyìí?"

"Ó pé."

"Ọkùnrin yẹn ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún yín gbayawu! Ẹ ò kàn dárúkọ wọn!"

"Ṣàkírù, abẹ́ èlùbọ́ ni wọ́n gbé e gbà wá. Kì í ṣe èmi ni màá gbọn èlùbọ́ yẹn dànù."

"Àní wọ́n máa ti ilé!"

"Mo gbọ́. Etí mi ò di." Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Inú bí mi, mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Òun náà ò sì ṣe bí ẹni tó ṣàkíyèsí, ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun wá fún mi, mo gbójú sókè kí n lè sọ fún un pé mi ò jẹ, mo bá rí etí rẹ̀. Kò sí yẹtí. Yẹtí wúrà tí Àyìndé rà fún un, tí mi ò rí etí rẹ̀ láìsí i rí, ó ti tà á. Owó tó rí lórí rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín, mo ní èéfín iná ni.

Mo rò ó pé Àbíkẹ́ ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó dáa. Kò ní kí n má lọ kí àwọn èèyàn nílé wọn. Èmi ni mo ran òwú sí aṣọ wọn, mo mọ ilé wọn.

Ni mo bá bo ẹ̀rọ mi. Mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Kèrè, mo bá Dorothée lóko, opó kan tó ń gbin ẹ̀pà, tó gbé aṣọ kan ṣoṣo wá. Mo ní, "Ìyá, ní ọjọ́bọ̀, wọ́n máa ti ilé Àbíkẹ́, nítorí ó ní òun ló ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀." Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ní ó dàbọ̀, ó ní kí n kí wọn nílé. Bí mo ṣe dé ilé kìíní nìyẹn, títí mo fi dé ogún ilé. Àwọn kan ní àwọn ti gbọ́. Àwọn kan ní kí n má pariwo, aládùúgbò wà nílé. Benoît, ọ̀gá ilé ìwé, fà mí sẹ́yìn igi máńgòrò, ó ní ṣé ìyàwó òun ò rí mi báyìí, nítorí òun ti sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ òun wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Nígbà tí Benoît wọlé tán, Martine ìyàwó rẹ̀ yọjú sí mi láti ojú fèrèsé. Òun náà ní aṣọ méjì nílé Àbíkẹ́, ọkọ rẹ̀ ò sì gbọ́, mo bá rọra bi í léèrè wọn.

"Aṣọ wo?" ni Martine wí. "Èmi, ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé? Ṣàkírù, oòrùn ti pa ọ́." Ó ti fèrèsé gbàgà.

Mo padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, mo sì bú gbogbo wọn lọ́nà. Aláìmoore! Agbéraga! Mo bú wọn débi pé ẹnu dùn mí.

Ọjọ́bọ̀ pé. Évariste dé pẹ̀lú okùn àti ìda pupa tí wọ́n fi ń tẹ èdìdì. Àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, ó sì jọ pé kò sùn. Àbíkẹ́ tú gèlè rẹ̀, ó kó owó tó wà níbẹ̀ jáde: ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá.

"Kò pé, Màmá."

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹ bá mi gbà á ná."

"Wọn ò jẹ́ kí n gbà á díẹ̀díẹ̀." Ó yẹ okùn ọwọ́ rẹ̀ wò. "Ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta ló ni ọjà yìí?"

"Èmi ni mo ni ín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn ti ń pọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò bí ẹni ń wo òkú. Mo fẹ́ pariwo orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ayé gbọ́, kí gbogbo wa jọ tẹ́. Ọlọ́run ló kó mi yọ.

Mo rí igbá kan lókè orí àwọn èèyàn. Dorothée ni, láti Kèrè, eruku dé orúnkún. Ó sọ igbá kalẹ̀ níwájú Évariste, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i pé kò sí èlùbọ́ kankan níbẹ̀.

"Aṣọ aláwọ̀ ewé tó wà lórí pákó kejì," ni ó wí, kò sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "tèmi ni. Ẹ̀pà ni mo fẹ́ fi owó rẹ̀ rà láti gbìn. Níbo ni wọ́n ti ń buwọ́ lùwé?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan yọ láti ẹ̀yìn, ó ní abọ́ mẹ́fà jẹ́ tòun. Nọ́ọ̀sì kan ní rédíò tó ní ìkọ́ jẹ́ tòun. Wọ́n bá ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, àwọn tí mo bú lọ́nà! Àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi! Mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń bá wọn tò lórí ìlà. Benoît wá, ó wo ilẹ̀, ó ní kẹ̀kẹ́ ni tòun.

"Kẹ̀kẹ́?" Ohùn kan ké láti ẹ̀yìn. Martine ni. "Ṣebí ẹ ní ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe ló wà?"

"Ìwọ náà, kí lo wá ṣe níbí?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

Martine fa ìró rẹ̀ le. "Mo wá gba aṣọ Hólándì mi méjèèjì," ó ní, "èyí tí ẹ ní kí n wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tí mo ní ó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀."

Ẹ̀rín ta! Gbogbo òpópónà ló bú sẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Bí ìtìjú ilé kan bá wà níta rí, tí kò sì pa ẹnikẹ́ni, ti ọjọ́ yẹn ni.

Évariste tú okùn. Ó jókòó, ó kọ orúkọ, wọ́n buwọ́ lù ú, àwọn tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Nígbà tó yọ owó ìsọ̀ kúrò, àti ọṣẹ, àti òwú, àti èmi Ṣàkírù, ohun tó kù tí Àbíkẹ́ yóò san ò ju ẹgbẹ̀rún méjì ó lé díẹ̀ lọ. Àbíkẹ́ ka owó náà fún un níbẹ̀.

"Ó ku aṣọ kan," ni Évariste wí. Ó ń wo ìwé rẹ̀. "Ọgọ́ta ti lọ lórúkọ. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo kà."

Àbíkẹ́ ò gbé ojú sókè. "Ìyẹn, èmi ni mo ni ín."

Mo ní ó kéré tán, ó ti ní aṣọ kan ṣoṣo nínú gbogbo ilé yẹn. Évariste dìde kó lè yẹ̀ ẹ́ wò fún ìwé. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú bébà: aṣọ funfun olódòdó pupa. Ó yí etí rẹ̀ síta. Òwú tó wà níbẹ̀, èmi kọ́ ni mo ran án, Àbíkẹ́ fúnra rẹ̀ ni, kí èmi pàápàá má baà mọ ẹni tó ni ín. Ó dúró pẹ̀lú aṣọ náà lọ́wọ́, ó pẹ́ débi tí ariwo ìta fi rọlẹ̀. Nígbà náà ni mo rántí pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni òun náà, pé owó oṣù tí kò wọlé fún Benoît, kò wọlé fún òun náà.

"Màmá," ó ní.

"Èmi ni mo ni ín, ọ̀gá," ni Àbíkẹ́ tún wí, kíákíá. "Ẹ kọ ọ́ sí mi lọ́rùn."

Ó mi orí. Ó yíjú sí gbogbo wa, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete. "Aṣọ ìyàwó mi ni. Blandine. Èmi ni mo rà á fún un nígbà tó bí ọmọ wa." Ó jókòó, ó kọ orúkọ Blandine sísàlẹ̀ gbogbo orúkọ, ó sì buwọ́ lù ú fún un.

Ó kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó dé ẹnu ọ̀nà, kó tó di pé Àbíkẹ́ pè é padà.

"Ọ̀gá, ẹ dákun," ó ní. "Tí ẹ bá délé, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín pé kì í ṣe èmi ni mo sọ."